Ìkógun Tí Kò Wọlé: Ìtàn Eré Àjọṣe láti Ìdí Ọpọ́n Ayò dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Amùkòkò

ÌFÁÁRÀ

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí ẹni pé inú òwe yìí ni wọ́n ti yọ irú eré orí ẹ̀rọ kan tí ó ti gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé ní ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí, tí kò sì yọ àwọn ọ̀dọ́ Amùkòkò sílẹ̀. Nínú eré náà, ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí olúkúlùkù jókòó sí ilé tirẹ̀, yóò ti ipa íntánẹ́ẹ̀tì kó ara wọn jọ bí ọmọ ogun. Wọn yóò jọ yìnbọn lu ọ̀tá, wọn yóò sì jọ kó ìkógun: ìbọn tí ó dára ju ti àná lọ, ìhámọ́ra tí ó le ju ti àná lọ. Ìkógun yìí gan-an ni adùn eré náà. Ẹni tí ó bá rí ìbọn tuntun lónìí yóò tún padà wá lọ́la láti wá èyí tí ó jù ú lọ.

Nígbàkigbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá kéde pé irú eré bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, ohun méjì ni ó máa ń bá ìkéde náà rìn: ìrètí àti àìbalẹ̀-ọkàn. Ìrètí ni pé ayé tuntun kan fẹ́ ṣí sílẹ̀, níbi tí ọ̀rẹ́ yóò ti pàdé ọ̀rẹ́. Àìbalẹ̀-ọkàn ni pé bóyá eré náà kò ní ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá jáde, tàbí kí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ di tẹ́tẹ́, tàbí kí wọ́n pa á tì kí ẹni tí ó rà á tó jẹ owó rẹ̀ tán. Ní Amùkòkò, àwọn ìbéèrè mìíràn tún wà lórí ìwọ̀nyí: ti iná, ti détà, ti owó dọ́là, àti ti bóyá ilẹ̀kùn eré náà tilẹ̀ ṣí sí ọmọ Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré lásán. Ọ̀rọ̀ ohun-ìní ni. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra nǹkan, ṣé òun ni ó ni ín, tàbí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìtàn ni yóò dá ìbéèrè náà lóhùn.

ERÉ KÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ TÓ DÉ

Amùkòkò jẹ́ àdúgbò tí èrò pọ̀ sí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ajégúnlẹ̀ wà, èbúté Àpápá kò sì jìnnà sí i. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí àwọn tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ ń retí: ibi tí ajé gbé gúnlẹ̀ sí. Iṣẹ́ èbúté àti iṣẹ́ ilé ìtajà ńlá ni ó fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí agbègbè yìí, Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ́, Ùròbò àti Haúsá, tí wọ́n fi di aládùúgbò ara wọn. Níbi tí èdè pọ̀ tó báyìí, eré jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó tètè ń so ènìyàn pọ̀.

Ayò ọlọ́pọ́n ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò. Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni a sì ń pín sí inú wọn, mẹ́rin mẹ́rin. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbẹ́ ọpọ́n náà ti gba owó rẹ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀nà tí ó fi lè jókòó sí ìlú mìíràn kí ó pàṣẹ pé láti ọ̀la lọ, ọpọ́n náà kò gbọdọ̀ gba ọmọ ayò mọ́. Bí ẹni tí ó ni ín bá kú, ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀. Bí ọmọ ayò kan bá sọnù, èyí tí ó jọ ọ́ yóò rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá rí, eré tí ó sọ Ajégúnlẹ̀ di ìlú olókìkí, tí pápá iyanrìn tí wọ́n ń pè ní Maracana sì di ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Láti irú pápá bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi Samson Siasia ti jáde, tí wọ́n fi dé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè.

Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù dé, ìlànà yìí kò tíì yí padà. PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Jàpáánù ní oṣù kejìlá ọdún 1994. Èkejì tẹ̀ lé e ní ọdún 2000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Èkó ni ó jẹ́ tókunbọ̀, tí wọ́n gba orí omi wọlé, tí wọ́n sì rà ní ọjà Alábà tàbí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò lágbára láti ra tirẹ̀ a máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù, níbi tí onílé ti ń gba owó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ onílé ni iná wọn, bẹ́ǹṣì kan náà ni ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá jọ jókòó lé, ẹni tí wọ́n bá sì nà yóò dìde fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwo tí wọ́n ń tà nígbà náà jẹ́ àdàkọ tí kò ní àṣẹ oníṣẹ́, ìyẹn sì jẹ́ ìrẹ́jẹ fún ẹni tí ó ṣe eré náà. Síbẹ̀, àwo tí ó wà lọ́wọ́ ẹni, òun ni ó ni ín. Ó lè yá ọ̀rẹ́, ó lè tà á, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ fún ogún ọdún.

BÍ ÌKÓGUN ṢE WỌ INÚ ERÉ

Ní ìparí ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà gbé eré kan jáde tí ń jẹ́ Diablo. Nínú rẹ̀, ohun tí ọ̀tá bá jù sílẹ̀ nígbà tí ó bá kú kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Ìṣirò ẹ̀rọ ni ó ń pinnu rẹ̀, bí ẹni da ọmọ ayò olójú mẹ́fà. Eré náà sì fi àyè sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn ti ipa íntánẹ́ẹ̀tì jọ ṣe é. Ní ọdún 2009, Borderlands fi ìbọn rọ́pò idà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Destiny dé. The Division tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta ọdún 2016. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí fi nǹkan kan kún un tí ó yí gbogbo rẹ̀ padà: ẹni tí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe eré náà rárá, bí ó tilẹ̀ dá nìkan wà.

Olùkọ́ ìwé Yorùbá kò ní ṣàìrí ohun tí ó jọ èyí nínú ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Àwọn ọdẹ tí ó gbéra lọ sí Òkè Láńgbòdó kò ní ẹ̀bùn kan náà. Kákò ní agbára, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, Èfòìyè sì jẹ́ tafàtafà. Ohun tí ọ̀kan kò lè ṣe ni èkejì ń ṣe. Ìlànà yìí gan-an ni àwọn eré tuntun ń tẹ̀ lé: ọ̀kan yóò jẹ́ asà, ọ̀kan yóò máa wo ọgbẹ́, ọ̀kan yóò máa yìnbọn láti òkèèrè. Èyí ni ó fà á tí wọ́n fi ń wu ènìyàn, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìpín. Láàárín àwọn tí ó jọ dẹ ìgbẹ́, àdéhùn ni wọ́n fi ń pín ẹran. Nínú eré ìkógun, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó mọ bí ìpín ṣe ń lọ, ó sì lè yí i padà lóru kí àwọn eléré tó jí. Láti ibẹ̀ sí tẹ́tẹ́ kò jìnnà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ariwo ńlá ta lórí eré Star Wars Battlefront II ti ilé-iṣẹ́ Electronic Arts, nítorí àpótí tí ènìyàn lè fi owó gidi rà láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù kéde pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin tẹ́tẹ́ wọn. Òbí tí ó bá ti rí ohun tí lọ́tìrì ń fi ojú aládùúgbò rẹ̀ rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un.

ÌLÉRÍ ANTHEM

Bí a bá ń wá ìtàn kan ṣoṣo tí ó fi ìrètí àti àìbalẹ̀-ọkàn hàn papọ̀, ìtàn Anthem ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Electronic Arts àti BioWare, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Kánádà tí a mọ̀ fún ìtàn dídùn, fi eré yìí han gbogbo ayé. Ènìyàn mẹ́rin yóò wọ ìhámọ́ra irin, wọn yóò fò bí àṣá lórí igbó àti omi, wọn yóò jọ jagun, wọn yóò sì jọ kó ìkógun. Ẹwà ohun tí wọ́n rí ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí oníròyìn Jason Schreier gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2019 fi hàn pé ìfihàn náà ṣáájú eré fúnra rẹ̀: púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi hàn ni wọn kò tíì kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá kò sì tíì mọ irú eré tí yóò jẹ́ ní pàtó.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tí ó ti sanwó ṣáájú wá tọ́ ọ wò ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ni kò rí ọ̀nà wọlé. Eré náà jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kejì. Àwọn tí ó rà á yin fífò, wọ́n sì ráhùn pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe léraléra, pé ìkógun tí wọ́n ń kó kò tó làálàá wọn. BioWare ṣèlérí àtúnṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n kéde pé àwọn ti dá àtúnṣe ńlá náà dúró. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìkéde ìkẹyìn dé: ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 ni wọn yóò pa àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé eré náà. Nítorí pé kò sí bí a ṣe lè ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn túmọ̀ sí pé kò ní ṣeé ṣe mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ra àwo bọ́ọ̀lù PlayStation èkejì ní ọdún 2003 lè fi sí ẹ̀rọ rẹ̀ lónìí, yóò sì ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ra àwo Anthem ní ọdún 2019, àwo náà ṣì ń dán lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí ó ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ti wó. Gbogbo ìkógun tí ó fi òru kó jọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó wà.

ILẸ̀KÙN TÍ KÒ ṢÍ SÍ NÀÌJÍRÍÀ

Ìtàn kejì kan ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Arrowhead ti ilẹ̀ Súwídìn gbé Helldivers 2 jáde, Sony sì ni ó tà á. Eré àjọṣe ẹni mẹ́rin ni, ó sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí èrò fi pọ̀ jù fún ẹ̀rọ wọn, tí wọ́n fi ní láti fi ààlà 450,000 sí iye ẹni tí ó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, Sony kéde pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é gbọ́dọ̀ so ó mọ́ àkáǹtì PlayStation. Àkáǹtì yìí kò sí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí kò sí fún. Eré náà kúrò lórí àtẹ ọjà Steam ní orílẹ̀-èdè 177. Ẹni tí ó ti fi owó rẹ̀ rà á ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù jagun lójoojúmọ́, wá gbọ́ pé ìlú tí òun ń gbé kò sí nínú ìwé.

Àwọn eléré káàkiri ayé kò dákẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àtakò tí wọ́n kọ sí abẹ́ eré náà lé ní 200,000. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, Sony kéde pé àwọn ti fagi lé àṣẹ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré náà kò padà sí ọjà àwọn orílẹ̀-èdè náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí. Àwọn tí àṣẹ náà kò pa lára dúró ti àwọn tí ó pa lára, nítorí pé wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Àjọṣe inú eré di àjọṣe ní ojú ayé.

WÁYÀ, INÁ ÀTI OWÓ

Bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí, ọ̀nà dé ibẹ̀ kò kúrú. Ìmọ́lẹ̀ tí ń gbé ọ̀rọ̀ nínú wáyà abẹ́ òkun máa ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wáyà MainOne tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Potogí ní ọdún 2010 gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 14,000. Ìyẹn sì jẹ́ ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí a tó ka gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò tún yà sí lórí ilẹ̀. Lójú ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn, kò jẹ́ nǹkan kan. Lójú ẹni tí ń yìnbọn, ọ̀tá ti kúrò níbi tí ó rí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báǹkì pàápàá dákẹ́ ní Nàìjíríà, áḿbọ̀sì eléré.

Ti owó tún wà níbẹ̀. Dọ́là 40 ni wọ́n ta Helldivers 2. Kí Báǹkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní ọjà ìjọba. Dọ́là 40 kò ju 18,400 náírà lọ. Nígbà tí eré náà fi jáde, dọ́là kan ti lé ní 1,400 náírà, owó eré náà sì ti lé ní 56,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Oṣù keje ọdún 2024 ni ó tó di 70,000. Owó bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ ti gòkè ṣáájú, láti nǹkan bí 185 náírà sí 488 náírà fún lítà kan ní Èkó ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba tún gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Eré tí iná bá lọ láàárín rẹ̀ kì í dúró de ẹni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta yóò kàn rí i pé ẹnì kẹrin wọn ti pòórá lójú ogun, wọn kò sì ní mọ̀ pé òkùnkùn Amùkòkò ni ó gbé e mì.

Kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ eré ni kò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, Arrowhead dín àyè tí Helldivers 2 ń gbà lórí kọ̀ǹpútà kù láti nǹkan bí gígábáìtì 154 sí 23. Nílé pẹ̀lú, Maliyo Games ti wà ní Èkó láti ọdún 2012, eré tí ó bá fóònù ọmọ Áfíríkà mu ni wọ́n sì ń ṣe.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Àwọn olùkọ́ kan máa ń fi ìbọn inú eré ṣe ẹ̀rù àkọ́kọ́. Ẹ̀rù náà kò ṣàìní ìdí, ó sì yẹ kí òbí mọ ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí ara eré, kí ó sì mọ wákàtí tí ọmọ ń lò nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó fi igi ṣe ìbọn láyé àtijọ́ kò pọ̀ níye tí ó di ọlọ́ṣà. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ewu tí ó tuntun jù wà nínú àdéhùn tí ọmọ náà tẹ̀ láìkà, tí ó sọ pé àṣẹ ìlò ni ó rà, kì í ṣe eré.

Níbòmíràn, àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí jí. Lẹ́yìn tí Ubisoft pa ẹ̀rọ eré The Crew ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, Ross Scott dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sí Ìṣọ̀kan Yúróòpù rí ìbuwọ́lù tí ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ní Kalifọ́níà, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2025 ní kí olùtajà sọ fún oníbàárà ní kedere bí ó bá jẹ́ àṣẹ ìlò nìkan ni ó ń tà. Nàìjíríà ní òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 àti àjọ tí ń mú un ṣẹ. Ẹnu àwọn tí ó ra nǹkan ni ó kù tí yóò béèrè pé kí ó kan ọjà tí a kò lè fọwọ́ bà.

Nítorí náà, nígbà tí ìkéde eré ìkógun mìíràn bá dé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, kí olùkọ́ má ṣe bá wọn wí kí ó tó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé ó ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé orílẹ̀-èdè wa wà nínú àwọn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún? Ohun tí ẹ rí nínú ìfihàn, ṣé wọ́n ti ṣe é tán ni, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é? Bí ilé-iṣẹ́ bá lọ, kí ni yóò ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìwọ̀nyí kí ó tó sanwó ti mọ ohun tí ó ń rà. Yorùbá ní aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé àyálò ni aṣọ tí òun wọ̀ sí òde lè jó dáadáa nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé tòun ni, tí olówó aṣọ sì wá bọ́ ọ lójú agbo, òun ni ìtìjú ń bẹ fún.